Owó Ọkọ̀ àti Owó Ibodè: Ìtàn Ìrìnnà Ará Àkúrẹ́

Ẹni tó bá rò pé ọjọ́ tí epo bẹntiróòlù wọ́n ni ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ará Àkúrẹ́ lọ́kàn sókè, kò tíì jókòó ti àgbà rí. Kí a tó mọ ọkọ̀ ilẹ̀ ní ilẹ̀ Olóyèmẹ́kùn yìí, kí a tó gbọ́ orúkọ dírẹ́bà àti kọ̀ńdọ́, kí ọlọ́jà tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gáréèjì, ni àwọn baba wa ti ń ṣírò iye tí ìrìnàjò yóò ná wọn, tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà dín in kù. Nítorí pé òwò tí ìnáwó ojú ọ̀nà bá gbé èrè rẹ̀ jẹ tán, ẹni tó ṣe é kò sàn ju ẹni tó jókòó sílé lọ. Ohun méjì ni wọ́n mọ̀ dájú nígbà náà, ohun méjì náà ni mo sì rí nínú ìtàn ìrìnnà Àkúrẹ́ láti ayé ẹrù orí títí di ayé kẹ̀kẹ́ Márúwá: bí àwọn tó jọ ń lọ bá ti ń pọ̀ sí i ni ìnáwó ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dín kù, bí àwọn tó dúró lẹ́nu ibodè bá sì ti ń pọ̀ sí i ni gbogbo èrò ń san ju bó ti yẹ lọ.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹsẹ̀ ni ọkọ̀, orí ni àgbérù. Oníṣòwò tó bá fẹ́ gbé epo pupa tàbí aṣọ òfì lọ sí ọjà òkèèrè kì í dá lọ. Yóò dúró de ọjọ́ tí ọ̀wọ́ èrò yóò gbéra, nítorí pé ogun kún ojú ọ̀nà, àwọn agbénilẹ́rú lúgọ sínú igbó, ẹni tó bá sì dá rìn, òun nìkan ni yóò dá gba gbogbo ewu, òun nìkan ni yóò sì dá sanwó fún àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìbọn sìn ín. Bí wọ́n bá pọ̀, wọn a pín ìnáwó náà láàárín ara wọn. Ṣùgbọ́n ìnáwó kan wà tí pípọ̀ èrò kò lè pín: ìyẹn ni owó tí oníbodè ń gbà lẹ́nu odi ìlú kọ̀ọ̀kan. Oníbodè jókòó sábẹ́ ahéré rẹ̀, ó ń ka ẹrù bí ó ti ń kọjá, ó ń gba owó ẹyọ lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan fún ọba àti àwọn ìjòyè tó fi í síbẹ̀, bí èrò bá sì la ìlú mẹ́ta kọjá, ibodè mẹ́ta ni yóò ti tú àpò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníbodè kì í wo àgbájọ ọwọ́. Orí ẹrù ló ń wò.

Ìdí nìyí tí ìtàn ọ̀nà Oǹdó fi dùn ún gbọ́ létí ẹni tó bá mọ iye tí owó ń jẹ́. Nígbà náà, àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn Ẹ̀gbá ló di ọ̀nà Èkó mú. Bí inú wọn bá dùn wọn a ṣí i, bí wọ́n bá bínú wọn a sé e, oníṣòwò tó ti òkè wá kò sì rí ẹsẹ̀ gbé dé etí òkun, àfi kó ta ọjà rẹ̀ fún àwọn alárinà ní ẹnu ààlà ní iye tí àwọn yẹn bá là á sílẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ni àwọn àgbà wí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó sì gba òwe náà gbọ́. John Glover, olórí ìjọba náà, tí àwọn ará Èkó sọ di Ọba Gòlóbà, ló fi ojú sí apá ìlà-oòrùn, pé bí èrò bá lè gba orí ọ̀sà dé Atíjẹrẹ, kí wọ́n gba Ayésàn gòkè lọ sí Oǹdó, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ lọ sí Ifẹ̀, Iléṣà àti ilẹ̀ Èkìtì, kò sí ibodè Ìjẹ̀bú tàbí ti Ẹ̀gbá tí yóò tún dá wọn dúró. Ìjà abẹ́lé ti lé àwọn ará Oǹdó kúrò ní ìlú wọn ní àkókò yìí, Ẹkìmọ̀gún, ìyẹn ìlú Oǹdó, sì dahoro. Ní 1872 ni wọ́n rán Roger Goldsworthy láti Èkó lọ bá wọn parí ìjà, kí wọ́n lè padà sílé, kí ọ̀nà sì ṣí. Kì í ṣe nítorí ìfẹ́ wa ni wọ́n ṣe é, ká má tan ara wa jẹ. Òwò Èkó ni wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà bá ti là, kò sí ẹni tó lè sọ ẹni tí yóò gbà á. Àwọn oníṣòwò Àkúrẹ́ àti ti Èkìtì ń gba Oǹdó sọ̀ kalẹ̀ sí etí ọ̀sà, wọ́n ń bọ́ lọ́wọ́ ibodè tó ti ń jẹ èrè wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Charles Phillips, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó wá di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, gba ọ̀nà yìí dé Oǹdó ní 1877 ó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ogun Kírìjì sì gbóná janjan láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ọ̀nà Oǹdó yìí kan náà ni ìbọn òyìnbó tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sílé gbà dé ọwọ́ Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtìparapọ̀, àti àwọn jagunjagun rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n là nítorí kí owó orí ẹrù lè dín kù wá di ọ̀nà tó yí ogun padà. Ní 1886 tí àdéhùn àlàáfíà dé, Phillips yìí àti Samuel Johnson, òjíṣẹ́ Ọlọ́run bíi tirẹ̀, wà lára àwọn tó ń ru ọ̀rọ̀ gómìnà Èkó lọ sí àgọ́ méjèèjì.

Ọkọ̀ ojú irin dé, ṣùgbọ́n kò yà sọ́dọ̀ wa. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin lélẹ̀ láti Èkó, ní 1901 ó wọ Ìbàdàn, ó sì gba Òṣogbo kọrí sí Ìlọrin àti ilẹ̀ Hausa, ó fi Oǹdó, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti gbogbo ilẹ̀ Èkìtì sí apá ọ̀tún rẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí ìfojúdi; èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀, òkè àti igbó ilẹ̀ wa kì í ṣe ohun tí oníṣirò owó fẹ́ràn láti la irin kọjá. Ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ kò kéré. Nígbà tí wọ́n fi Àkúrẹ́ ṣe olú ìlú ẹkùn Oǹdó ní 1915, lábẹ́ Ọba Adésídà Kìíní tó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1897, ìlú náà di ibùjókòó ìjọba láìní ọkọ̀ ojú irin, àfi ọ̀nà ilẹ̀ nìkan. Nígbà tí kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so lọ́pọ̀ yanturu ní Oǹdó, Ìdànrè àti Àkúrẹ́, orí ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rù ú, títí tí lọ́rì fi wá gba ẹrù lórí wa. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá wà, lọ́rì ń bá a du èrò. Ní ọ̀dọ̀ wa, lọ́rì kò ní orogún, ẹni tó ni ín ló ń pe owó.

Báyìí ni lọ́rì tí wọ́n ń pè ní bólẹ́kájà ṣe wọ ilẹ̀ wa. Ẹ̀rọ òyìnbó ni wọ́n ń rà wọlé, káfíńtà ilé ni ó sì ń kan pákó lé e: pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́, pákó lórí, bẹ́ńṣì pákó nínú, tapólì ní ẹ̀yìn fún ọjọ́ òjò, àti ọ̀rọ̀ ìwúrí kan tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí iwájú orí rẹ̀. Ìpele méjì ni èrò rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ti dírẹ́bà, níbi tí eruku kì í pọ̀, tí ìjókòó rẹ̀ sì ní tìmùtìmù, owó rẹ̀ yàtọ̀. Olùkọ́, akọ̀wé àti àlejò òyìnbó ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn, òun àti àpò kòkó, ewúrẹ́, agbọ̀n adìẹ àti ìdì ewé ẹ̀kọ ló jọ ń mì, orúnkún rẹ̀ á máa kan orúnkún ẹni tó kọjú sí i, bí lọ́rì bá sì bọ́ sínú kòtò, gbogbo wọn á jọ fò sókè, wọn á jọ bú dírẹ́bà. Owó ti ẹ̀yìn kéré, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹni tó lágbára àtisan ti iwájú ń lọ sí ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ojú ń tì í, ó sì ń kó ìyàtọ̀ owó náà, ìbáà jẹ́ tọ́rọ́ tàbí sísì, sínú ìdí aṣọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn obìnrin ọlọ́jà ló gbọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ìtàn kà á sí wọn lọ́rùn. Wọ́n mọ̀ pé bí olúkúlùkù bá lọ dá bá dírẹ́bà dúnàádúrà, yóò san ti ara rẹ̀, yóò tún san ti ẹrù, dírẹ́bà yóò sì tún sọ pé ẹrù òun ló tóbi jù. Nítorí náà, àwọn tó ń ná ọjà kan náà yóò ti fi ẹnu kò láti ọjọ́ ọjà tó kọjá, wọn yóò yan àgbà kan láàárín ara wọn kó lọ gba odindi lọ́rì ní iye kan, wọn yóò wá pín in bí ẹrù bá ti pọ̀ tó. Ẹni tó gba lọ́rì yìí kì í sábà san nǹkan kan lórí ara rẹ̀. Èyí ni èrè wàhálà rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bínú sí i. Títí di òní, bí o bá rí ọkọ̀ tó kó iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìdànrè wọ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ní òwúrọ̀ kùtù, béèrè ẹni tó gbà á. Orúkọ obìnrin kan ni wọn yóò sábà dá fún ọ.

Kẹ̀kẹ́ ológeere náà ní ipa tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Olùkọ́ àti akọ̀wé kékeré a dá èèsú fún oṣù púpọ̀ kí ó lè kó owó ra Raleigh kan, láti ọjọ́ náà lọ ni ó sì ti yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ dírẹ́bà. Àwọn kan gun kẹ̀kẹ́ láti Oǹdó dé Àkúrẹ́ nípasẹ̀ Ọ̀wẹnà, kìlómítà tó sún mọ́ 50, nítorí ṣílè díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà kò mọ ohun tí ṣílè ń ṣe nígbà náà.

Èkó ń gba ọ̀nà tirẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Láti 1902 ni ọkọ̀ ojú irin kékeré ti ń gbé èrò láti Ìddó wọ erékùṣù. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ Zarpas, ti ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì kan, gba ìgboro. Nígbà tó sì di 1958, ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ra ọkọ̀ náà, wọ́n sọ ọ́ di ti ìlú. Ìlú ńlá ní èrò tó pọ̀ débi tí bọ́ọ̀sì kan lè kó ogójì ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó olúkúlùkù sì fúyẹ́. Lóde òní, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ń jẹ adùn irú ètò bẹ́ẹ̀: láti 2016, ẹni tó bá sanwó bọ́ọ̀sì kan lè bọ́ sínú òmíràn láàárín wákàtí kan láìtún san kọ́bọ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a ṣe ìṣirò rẹ̀, òun kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àkúrẹ́ kò ní irú rẹ̀. Ohun tí Àkúrẹ́ ní ni ọ̀nà gbọọrọ kan ṣoṣo, tó gba Oyèmẹ́kùn wọ Ọjà Ọba, tó sì gba orúkọ Ọba Adésídà láti ibẹ̀ kọrí sí Alágbàká. Ẹnu ọ̀nà kan yìí ni gbogbo àdúgbò, Ìsọ̀lọ̀, Ìjọmu, Arákalẹ́ àti Òkè Àrò, ti ń tú èrò sí.

Alágbàká fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ̀nà yìí di ọ̀nà owó. Ní 3 Oṣù Kejì 1976 ni ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, Oǹdó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Àkúrẹ́ sì di olú ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láti ọjọ́ pípẹ́, di ẹrù wọn, wọ́n kó wá sílé. Ọ́fíìsì gómìnà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti sẹkitéríàtì wá kóra jọ sí apá Alágbàká, nígbà tí ilé tí òṣìṣẹ́ lè háyà wà ní àárín ìlú àtijọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń jí lọ sí ibì kan náà ní aago kan náà, tó sì ń padà ní aago kan náà: ohun tí oníṣòwò ọkọ̀ ń gbàdúrà fún nìyẹn. Owó sì ti wà níta díẹ̀, nítorí pé ní 1975 ni wọ́n san àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní owó Údójì, ọ̀pọ̀ ẹni tó rí i gbà fi ra ọkọ̀ àlòkù, ó sì fi í gbèrò ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé. Kábúkábú ni wọ́n ń pe irú wọn.

Takisí ìjókòó àjọpín ni Àkúrẹ́ mú, kì í ṣe bọ́ọ̀sì ńlá. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún ọmọ tí kò gbé ìlú náà rí. Ọkọ̀ kékeré ni, mẹ́rin ló yẹ kí ó kó, ṣùgbọ́n méjì ń jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, tí ẹni tó wà láàárín ń yẹ ẹsẹ̀ fún jíà, mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ń há ara wọn mọ́ ẹ̀yìn. Kò sí kọ̀ńdọ́. Dírẹ́bà ni awakọ̀, òun ni akápò. "Ẹ mú ṣénjì yín lọ́wọ́ o," ni yóò kọ́kọ́ wí kí ilẹ̀kùn tó padé. Bí o bá ní owó ńlá tí ẹni tó jókòó tì ọ́ náà sì ní owó ńlá, dírẹ́bà yóò so yín pọ̀, ìyẹn ni pé yóò fi bébà owó kan lé ẹ̀yin méjèèjì lọ́wọ́, kí ẹ lọ wá ṣénjì pín láàárín ara yín nígbà tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ara yín rí. Bí ìyá kan bá mú ọmọ wọlé, dírẹ́bà yóò wo ojú dígí, yóò bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ó gbé e lé ẹsẹ̀ ni, àbí ẹ ó sanwó fún un?" Ìyá yóò sì fa ọmọ náà mọ́ra, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá wà nínú ọkọ̀, wọn á ní ó gba dírọ́ọ̀pù, yóò sì san ti gbogbo ìjókòó. Nítorí náà, ẹni tó bá gba dírọ́ọ̀pù láti Ọjà Ọba dé Alágbàká, ó ń lọ sí ìgbéyàwó, tàbí ó ń gbé aláìsàn.

Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n ìdín-owó-kù ti di àṣà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ Alágbàká. Wọ́n mọ ibi tí iye owó ti ń yí padà, wọ́n sì mọ̀ pé bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ rìn kọjá oríta kan kí ó tó na ọwọ́ sí ọkọ̀, owó ẹsẹ̀ kan ni yóò san dípò méjì. Wọ́n mọ dírẹ́bà tó ń lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, tí kò fẹ́ kí ìjókòó rẹ̀ ṣófo, tó sì ń gbé ni ní ìdajì. Ìparí oṣù ni àwọn kan ń gun ọkọ̀. Ní àárín oṣù, bàtà ni.

Lẹ́yìn náà ni ọdún SAP dé, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun. Ní 1986, epo kúrò ní 20 kọ́bọ̀ ó wọ 39.5 kọ́bọ̀, ní 1988 ó di 42, ìlú sì dàrú ní àwọn ibì kan, nígbà tí 1989 wọlé, ìjọba ní kí ọkọ̀ àdáni máa ra epo ní 60 kọ́bọ̀, kí ọkọ̀ èrò ṣì máa rà á ní 42, èyí tó dára létí, ṣùgbọ́n tó mú kí ó ṣòro láti mọ ọkọ̀ èrò yàtọ̀ sí ọkọ̀ àdáni nílé epo. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò ọkọ̀ akérò kalẹ̀ ní 1988, àwọn ìpínlẹ̀ sì rí owó ra bọ́ọ̀sì. Tiwa ni wọ́n fi orúkọ odò Ọ̀wẹnà pè. Àwọn tó gun Ọ̀wẹnà nígbà tó ṣì le mọ̀ pé owó rẹ̀ fúyẹ́ ju ti gáréèjì lọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ìjọba ní àrùn kan tí gbogbo wa mọ̀: bí ó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tó ni ín. Táyà tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ta ni yóò fi owó ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀? Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Bákan náà ni mo rí bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tí ìjọba gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò, tó wà lórí àlééfà láti 2009 dé 2017, fi ń kó àwọn ọmọ iléèwé, ohun rere tí òbí púpọ̀ ṣì ń fi ẹnu dúpẹ́ rẹ̀: kò ní owó tí yóò fi bọ́ ara rẹ̀, nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó bá wà lórí oyè ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.

Ọ̀kadà, alùpùpù akérò, ni ó rọ́pò wọn, mo sì ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá a ṣe. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Ìgbìnẹ́dìọ̀n ni wọ́n fi pè é, nítorí pé ó yára, òótọ́ ni pé ó yára. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé níbi tí takisí kò lè dé, ó gbé èrò tí ilé rẹ̀ jìnnà sí títì, ó fún ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ ba àjọpín jẹ́ ní Àkúrẹ́, nítorí pé ẹnì kan ni èrò rẹ̀, tàbí méjì tí kò bófin mu. Ẹnì kan ló sì ń dá san epo, dá san owó olówó ọ̀kadà, dá san tíkẹ́ẹ̀tì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ológun tó ṣe gómìnà Èkó láti 1996 dé 1999 wá, dá àjọpín padà díẹ̀: mẹ́ta lẹ́yìn, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Mo kà á sí ọmọ takisí, kì í ṣe ọmọ ọ̀kadà.

Mo ní kí n padà sọ́dọ̀ oníbodè, nítorí pé kò kú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tú ibodè odi ìlú ká, àwọn ọba sì pàdánù owó orí ẹrù, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí gáréèjì ti wà ni ẹnì kan ti dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní 1978 ni wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ jọ sábẹ́ NURTW, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tún wà, olúkúlùkù sì ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Dírẹ́bà tó jí wá sí títì ní òwúrọ̀ ti jẹ olówó ọkọ̀ ní owó dílífà, iye tó gbọ́dọ̀ san fún un lójoojúmọ́, kí ó tó gbé èrò kan. Yóò ra epo. Yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì òwúrọ̀. Bí ó bá kó èrò ní ibòmíràn, agbèrò yóò na ọwọ́ sí i. Bí ilẹ̀ bá sì ń ṣú, tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lè wà. Èrò kò rí ọ̀kankan nínú wọn, epo nìkan ló ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, nítorí náà ó ń bá dírẹ́bà jà lórí ohun tí dírẹ́bà kò jẹ. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi kíkọ́ gáréèjì àti àbójútó rẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ oníbodè òde òní, kó bi ìjọba ìbílẹ̀ léèrè.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju èje lọ. Ní Oṣù Kìíní 2012, wọ́n ti gbé epo láti 65 náírà sí 141, ìlú ti dìde, wọ́n ti dá a padà sí 97, a rò pé a ti rí òpin. Ní 2020, àrùn kòrónà ní kí èrò máa jìnnà sí ara wọn, takisí tó ń kó mẹ́fà wá ń kó mẹ́ta, owó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyè méjì pé àjọpín ni owó ọkọ̀ Àkúrẹ́ dúró lé, oṣù wọ̀nyẹn ti dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni 29 Oṣù Karùn-ún 2023 dé, tí ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ: epo tó wà ní nǹkan bíi 185 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó di 617 kí Oṣù Keje ó tó parí, nígbà tó sì fi di Oṣù Kẹwàá 2024, ó ti lé ní 1,000. Ní Èkó, ìjọba gé owó ọkọ̀ rẹ̀ kù fún ìgbà díẹ̀. Ní Alágbàká, àwọn òṣìṣẹ́ padà sí ohun tí ìyá wọn ń ṣe pẹ̀lú lọ́rì: ẹni tó ní ọkọ̀ ń gbé aládùúgbò mẹ́ta, wọ́n ń jọ dá owó epo, bí ó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni yóò jáde. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ rìn padà wá sí Ọjà Ọba, wọ́n ń kó ọjà alẹ́ lọ́nà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó jókòó ní Alágbàká kò pọ̀. Ẹ má ṣe ra bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ mìíràn tí yóò kú pẹ̀lú ìjọba tó rà á. Ẹ fi bọ́ọ̀sì tó ń san owó ara rẹ̀, tó tóbi ju takisí lọ, sí ojú ọ̀nà Ọba Adésídà ní aago tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ó ń parí, kí ẹ sì fi í sí ọwọ́ àwọn awakọ̀ fúnra wọn, nítorí pé àwọn ni yóò pààrọ̀ táyà rẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́, ẹ kọ gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí dírẹ́bà ń rà ní ọjọ́ kan, orúkọ ẹni tó ń gbà á àti iye rẹ̀, sára pátákó ńlá ní ẹnu gáréèjì kọ̀ọ̀kan, kí èrò lè kà á kí ó tó wọkọ̀.